Obìnrin Tó Ń Wá Ọ̀rọ̀ Nínú Lẹ́tà Mẹ́sàn-án

Àǹtí Lẹ́tà ni gbogbo èèyàn ń pè é ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn tó ti ń ṣiṣẹ́. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kọ́ nìyẹn o. Àmọ́ ìnagijẹ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn débi pé lọ́jọ́ kan tí ọkọ rẹ̀ wá béèrè rẹ̀ lẹ́nu géètì, tó sì dárúkọ gidi tó ń jẹ́, ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ mirí, ó ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn, àfi kó lọ wò ó nílé kejì. Ọkọ rẹ̀ ti yíjú padà kó tó rántí.

Ó ní, "Ìyàwó mi tó máa ń to lẹ́tà yẹn ńkọ́?"

"Áà! Àǹtí Lẹ́tà! Ẹ ò tètè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wọlé, sà."

Iṣẹ́ tó ń ṣe kò le láti ṣàlàyé. Lójú ewé kẹrin ìwé ìròyìn náà, nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, àpótí kékeré kan wà tí wọ́n fi ìlà pín sí ojú mẹ́sàn-án, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì wà nínú ojú kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe eré náà yóò wá gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lè fà yọ látinú lẹ́tà wọ̀nyẹn. Ọ̀rọ̀ náà kò gbọ́dọ̀ dín ní lẹ́tà mẹ́rin, lẹ́tà tó wà láàárín gbùngbùn sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo máa ń wà níbẹ̀ tó ń gba gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Àǹtí Lẹ́tà ló ń yan lẹ́tà, òun náà ló ń wá ìdáhùn tí wọ́n ń tẹ̀ jáde lọ́jọ́ kejì. Ìdáhùn kan kò sì gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀, torí àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yẹn, ká má parọ́, wọ́n lè gbójú fo àṣìṣe nínú ìròyìn ogun, àmọ́ ẹni tó bá fo ọ̀rọ̀ tí wọ́n rí nínú àpótí ti tọwọ́ bọ̀ wọ́n lójú nìyẹn.

Kì í ṣe torí èyí ni wọ́n ṣe gbà á síṣẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni nígbà tó dé, wọ́n ní kó máa ka ohun táwọn akọ̀ròyìn bá kọ, kó máa tún un ṣe kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, òun náà á di akọ̀ròyìn, á máa jáde, á máa bi èèyàn ní ìbéèrè, á máa kọ ohun tó bá fojú ara rẹ̀ rí. Ọkùnrin tó ń ṣe àpótí nígbà náà ló ṣàìsàn. Wọ́n ní kó bá wọn dì í mú fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọkùnrin yẹn ò padà mọ́, ọ̀sẹ̀ kan yẹn sì di ọdún mẹ́tàdínlógún.

Abẹ́ àtẹ̀gùn ni wọ́n fún un ní yàrá. Yàrá náà kò ní fèrèsé. Tó bá na ọwọ́ méjèèjì, ìka rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri lọ́tùn-ún lósì, òrùlé sì dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ débi pé apá ẹnu ọ̀nà nìkan ló ti lè nàró dáadáa. Gbogbo ẹni tó bá ń gòkè tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀, orí rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ kọjá. Ó ti mọ bàtà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mọ ti akọ̀ròyìn eré ìdárayá tó máa ń fo àtẹ̀gùn méjì méjì, ó mọ ti ayàwòrán tó ń wọ́ ẹsẹ̀ kan. Tí bàtà bá sọ̀ kalẹ̀ gìrìgìrì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ti mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ níta nìyẹn. Á gbé kálàmù dúró díẹ̀, á tẹ́tí, títí ariwo náà á fi jáde lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, á padà sórí lẹ́tà mẹ́sàn-án.

Olóòtú tó wà lórí àlééfà báyìí, Àǹtí Lẹ́tà ló kọ́ ọ níṣẹ́ nígbà tí olóòtú náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kò mọ ibi tó yẹ kí gbólóhùn ti parí. Àbúrò ló jẹ́ sí i. Lójú àwọn èèyàn, "Ọ̀gá" ni Àǹtí Lẹ́tà ń pè é, ó sì ń fi "ẹ" bọ̀wọ̀ fún un. Ọdọọdún ló ń lọ bá a.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n bọ́ sí yàrá àwọn akọ̀ròyìn lọ́dún yìí."

"Háà, Àǹtí mi! Ẹ fẹ́ pa wá ni?" Olóòtú á dìde, á fọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Akọ̀ròyìn, mo lè rí mẹ́wàá lọ́la. Ta ni mo fẹ́ rí tó máa ṣe àpótí? Ẹ̀yin mà ni ìyá wa níbí."

Bẹ́ẹ̀ ni Àǹtí Lẹ́tà á ṣe rẹ́rìn-ín jáde pẹ̀lú ìyìn létí, àfi tó bá jókòó tán lábẹ́ àtẹ̀gùn ni á tó rí i pé wọn ò gbà fún òun. Ọdún kan, wọ́n fi ìjókòó tìmùtìmù tù ú nínú. Ọdún kejì, fáànù ni. Ọdún kẹta, wọ́n kun yàrá náà ní funfun. Ó ń gbádùn ibẹ̀ sí i, kò sì rí ọ̀nà gbà jáde.

Èyí tó burú jù ni pé iṣẹ́ náà kì í dúró síbi iṣẹ́. Ó ń tẹ̀ lé e délé bí òjìji. Kò lè rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lára ògiri kó má tú u palẹ̀. Pátákó ilé ìtajà, ara páálí ọṣẹ, ẹ̀yìn ọkọ̀ tó wà níwájú, gbogbo rẹ̀ ló ń já sí wẹ́wẹ́ lójú rẹ̀, tí á tún máa to ara rẹ̀ pọ̀ di nǹkan mìíràn. Nígbà tí wọ́n ń dá olùkọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́lá, tí wọ́n kọ teaching gàdàgbà sórí aṣọ tí wọ́n ta sẹ́yìn àga, òun nìkan ló bú sẹ́rìn-ín láàárín àwọn òbí, torí lẹ́tà yẹn gan-an, láìyọ ọ̀kan, ni wọ́n fi ń kọ cheating. Ọkọ rẹ̀, tó ń tún ẹ̀rọ amúǹkantutù ṣe, kì í bínú sí i. Ó kàn máa ń fi ọwọ́ gbá a léjìká jẹ́jẹ́, á ní, "Màmá, ẹ padà wálé," bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí tábìlì ìjẹun kan náà ni wọ́n jọ wà.

Láàárín gbogbo èyí, ẹnì kan ń kọ̀wé sí i. Ó ti tó ọdún mẹ́fà. Ìwé àkọ́kọ́ dé lẹ́yìn tí Àǹtí Lẹ́tà lo container nínú àpótí. Ó ti kọ ìdáhùn rẹ̀ tán, ó rí certain, ó rí canine, ó rí cannot, ó rí acorn, inú rẹ̀ sì dùn pé òun rí reaction, tó gba lẹ́tà mẹ́jọ. Ọjọ́ kẹta ni ìwé náà wọlé, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tó nàró ṣánṣán bí ẹni pé wọ́n fi rúlà gbé e:

"Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ rí reaction, ó dáa. Ṣùgbọ́n lẹ́tà mẹ́jọ yẹn kan náà ló wà nínú creation. Kò yẹ kí ẹ gbàgbé ìṣẹ̀dá, nígbà tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni gbogbo wa ti wá. Èmi ni, òǹkàwé yín."

Ojú tì í, ó sì rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí ìwé kan tàbí méjì kì í dé. Kì í bú èèyàn, kì í béèrè ohunkóhun, ọ̀rọ̀ tó bọ́ sílẹ̀ nìkan ló ń kọ, kò sì ṣì í rí. Àǹtí Lẹ́tà gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọ̀gá ilé ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọkùnrin tó ga, tó máa ń wọ awò ojú. Ó ń pè é ní Ọ̀gá Tíṣà. Nígbà míì inú máa ń bí i sí i: ta ló ní kó máa ṣọ́ òun? Àmọ́ tí ọ̀sẹ̀ bá fẹ́ parí tí ìwé ò dé, ara rẹ̀ kì í lélẹ̀.

Ohun tó wá ta á jí ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé ìwé, ó sì fi apá gúnlẹ̀. Àǹtí Lẹ́tà sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ní kí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n máa pè wọ́n. Ọmọ náà gbé orí lé e lẹ́sẹ̀, ó ń sunkún jẹ́jẹ́. Lókè ilẹ̀kùn tó wà níwájú wọn, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ EMERGENCY.

Kò fẹ́ wò ó. Ó gbójú sílẹ̀, ó ń fọwọ́ pa ọmọ náà lórí. Ojú rẹ̀ tún gòkè. Green. Merge. Energy. Ó rí enemy níbẹ̀. Ó tún wò ó, ó rí mercy. Ọ̀tá àti àánú nínú ilé kan! Ó ń rò ó pé lẹ́tà wo ni òun máa fi sáàárín gbùngbùn kí àwọn méjèèjì lè wọlé. M ni àbí Y? Tó bá jẹ́ M, energy á jáde...

"Ìyá ọmọ yìí! Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

Nọ́ọ̀sì ló dúró lórí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti pe orúkọ ọmọ náà. Ẹni tó dé lẹ́yìn wọn ti wọlé lọ rí dókítà. Ọmọ náà sì ń wo ojú ìyá rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, omijé ti gbẹ lójú rẹ̀, ó ní, "Mo sọ fún yín, Mọ́mì. Mo fà yín láṣọ. Ẹ ò dá mi lóhùn."

Wọ́n di apá náà, ó sì jinná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kò sí ẹni tó bá a wí. Àmọ́ gbólóhùn ọmọ yẹn wọ̀ ọ́ lára bí òtútù. Ó rí i kedere pé kì í ṣe abẹ́ àtẹ̀gùn nìkan ni wọ́n há òun mọ́. Inú àpótí olójú mẹ́sàn-án gan-an lòun ń gbé, ọmọ òun sì ń kanlẹ̀kùn níta, òun ò gbọ́.

Níbi tó jókòó sí lábẹ́ àtẹ̀gùn lọ́jọ́ kan ló ti rántí Ọ̀gá Tíṣà. Tí olóòtú bá ní kò sí ẹlòmíì tó lè ṣe é, ṣebí ẹni náà ló ń kọ̀wé láti ọdún mẹ́fà yìí? Ó mú ọ̀kan nínú àwọn àpòòwé, ó wo àdírẹ́sì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbàyè lọ́jọ́ kejì, ó sì lọ.

Ilé alájà mẹ́ta kan ni, tí télọ̀ kan ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó gun òkè dé àjà kejì. Ilẹ̀kùn onígi wà ní ṣíṣí sílẹ̀, àmọ́ géètì onírin wà níwájú rẹ̀, àgádágodo ńlá kan sì wà lára rẹ̀, láti ìta. Ó kan géètì náà.

"Ta nìyẹn?" Ohùn obìnrin ló dáhùn.

"Èmi ni, mà. Ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni mo ti wá. Bàbá tó máa ń kọ̀wé sí wa lórí àpótí lẹ́tà ni mo ń wá."

"Bàbá wo? Bàbá ilé yìí ti kú, ó di ọdún kẹtàlá. Èmi ni mo ń kọ̀wé."

Ìyá arúgbó kan yọ, ó ń fi ọ̀pá tilẹ̀, ó kúrú, irun rẹ̀ funfun báláú. Ó fojú kan Àǹtí Lẹ́tà láàárín irin, ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀. "Ìwọ lò ń ṣe é? Mo ti rò ó pé ọkùnrin kan báyìí ni, tí inú ẹ̀ kì í dùn."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Àǹtí Lẹ́tà ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún òun.

"Kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́wọ́ mi, ọmọ mi. Ọmọkùnrin mi ló mú un lọ síbi iṣẹ́. Aago mẹ́fà ló ń dé. Jókòó síbẹ̀ yẹn, àtẹ̀gùn yẹn mọ́, télọ̀ máa ń gbá a."

Bó ṣe jókòó sórí àtẹ̀gùn nìyẹn, tí ìyá náà fa àga wá sẹ́yìn géètì, tí wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ láàárín irin. Ìyá sọ ìtàn ara rẹ̀ láìfi ṣe ẹkún. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tẹlifóònù, láyé ìgbà tí wọ́n ṣì ń fọwọ́ so ìlà ẹnì kan mọ́ ti ẹlòmíì. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé yìí, egungun ìbàdí rẹ̀ sì kán. Ọ̀sán gangan ni, gbogbo èèyàn ti lọ síbi iṣẹ́, kódà télọ̀ ò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Wákàtí mẹ́rin ló fi wà nílẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ tó dé. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ náà ti ń fi àgádágodo sílẹ̀kùn.

"Kì í ṣe ìkà o," ni ìyá wí. "Ọmọ gidi ni. Ẹ̀rù ló ń bà á. Àmọ́ èmi ni ẹ̀rù ẹ̀ tì mọ́lé."

Láràárọ̀, ó ń fi okùn sọ garawa kékeré kalẹ̀ lójú fèrèsé, télọ̀ á fi ìwé ìròyìn sí i, ìyá á sì fà á gòkè. Tó bá kọ̀wé, inú garawa kan náà ló ń fi í sí, télọ̀ á bá a fi ránṣẹ́. Ó lọ gbé àwo pẹrẹsẹ kan wá hàn án: ìdérí ìgò ló kún inú rẹ̀, ó sì ti fi ọ̀dà kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí wọn lẹ́yìn. Òun ló fi ń to ọ̀rọ̀.

Àǹtí Lẹ́tà sọ ohun tó bá wá. Ìyá gbọ́ ọ dópin.

"O fẹ́ kí n gba iṣẹ́ tó ń pa ẹ́?"

Ojú ti Àǹtí Lẹ́tà. "Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀, mà."

"Má wulẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Ìwọ ní ibi tó o fẹ́ lọ. Èmi ò ní ibi tí mò ń lọ, mo sì ti ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Wá lọ́la, lẹ́tà á ti délẹ̀."

Ọjọ́ kejì, ìyá ti to mẹ́fà sílẹ̀, ti ọ̀sẹ̀ kan gbáko, torí ìwé ìròyìn náà kì í jáde lọ́jọ́ Àìkú. Ti àkọ́kọ́ ni telephone, ó fi O sáàárín gbùngbùn. Ó fi ìka lé ìdérí ìgò márùn-ún: elope. "Wò ó," ni ó wí. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi jókòó ti tẹlifóònù, n ò mọ̀ pé sísálọ wà nínú ẹ̀."

Àǹtí Lẹ́tà gbé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ fún àwọn atẹ̀wé, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé kì í ṣe òun ló ṣe é. Ọ̀sẹ̀ náà parí. Ìwé ìfisùn kan ò wọlé. Olóòtú fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá sábẹ́ àtẹ̀gùn, ó tẹ orí ba kí òrùlé má bàa gbá a. "Àǹtí, kí lẹ jẹ lọ́sẹ̀ yìí? Àpótí yín dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ!"

"Kì í ṣe èmi, Ọ̀gá." Ó wá ṣàlàyé látòkè délẹ̀. "Ẹ ti rí ẹlòmíì báyìí. Ẹ jẹ́ n lọ."

Olóòtú pàtẹ́wọ́. Inú rẹ̀ dùn tọkàntọkàn, ohun tó sì mú un burú nìyẹn. "Olúwa ti gbọ́ àdúrà wa! Ṣé ẹ rí i báyìí, Àǹtí? A ti rí igbákejì fún yín. Màmá á máa ṣe ti ojú ewé kẹrin, ẹ̀yin á bẹ̀rẹ̀ tuntun lẹ́yìn ìwé, olójú mẹ́rìndínlógún! Mo ti ń rò ó tipẹ́."

Ó gbọ́ bí bàtà rẹ̀ ṣe ń gòkè lọ lórí òun, tayọ̀tayọ̀. Ó jókòó sínú ìjókòó tìmùtìmù, kò lè sunkún, kò lè pariwo. Tẹ́lẹ̀, ojú mẹ́sàn-án ni. Wọ́n ti fi méje kún un.

Nígbà tó délé, ó mú ìwé, ó ní òun á kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ resign. Kálàmù rẹ̀ dúró. Singer. Reigns. Ó ju kálàmù sílẹ̀, ó bú sẹ́kún níkẹyìn. Ọkọ rẹ̀ tó ń fọ ọwọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ wá jókòó tì í.

"Ṣé iṣẹ́ lẹ fẹ́ fi sílẹ̀ ni, àbí àpótí?"

"Àpótí ni."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀? Ẹ fi àpótí sílẹ̀. Ẹ má ṣe é. Kí ni wọ́n fẹ́ fi yín ṣe?"

Ọ̀rọ̀ tó rọrùn tó báyìí, ọdún mẹ́tàdínlógún ò gbé e wá sọ́kàn rẹ̀ rí. Ó máa ń ní àpótí ogójì nípamọ́ nínú dúrọ́ọ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí ìgbà tí àìsàn bá ṣe é. Ó kó gbogbo wọn lọ sílé. Nígbà tí ọkùnrin tó ń to ojú ewé wá béèrè ti ọjọ́ kejì, ó ní, "Kò sí. Fi àpótí náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, má kọ nǹkan kan sí i." Ọkùnrin náà rò pé àṣẹ láti òkè ni, ó sì ṣe é.

Bó ṣe jáde nìyẹn, ojú mẹ́sàn-án lófìfo. Láti aago méje ni tẹlifóònù ò ti dákẹ́. Àwọn kan ń bínú, àwọn kan ń béèrè ẹni tó kú. Ọkùnrin kan ní òun ti tẹjú mọ́ ọn látàárọ̀, òun gbà pé ti òní le, kí wọ́n jọ̀ọ́ fún òun ní lẹ́tà kan péré.

Olóòtú ránṣẹ́ pè é sókè. Ojú rẹ̀ ti yàtọ̀, kò sí "Àǹtí mi" lẹ́nu rẹ̀. "Ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe èyí fún mi?"

Àǹtí Lẹ́tà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Orúkọ oyè olóòtú wà lára ilẹ̀kùn náà, Editor. Ó rí tired, ó rí riot, ó sì yíjú kúrò níbẹ̀ pátápátá. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, "ẹ" tó fi ń bọ̀wọ̀ fún un ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀, òun pàápàá ò mọ ìgbà tó bọ́.

"Èmi ni mo kọ́ ẹ níbi tí gbólóhùn ti ń parí. Àbí irọ́ ni? Ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ti ń kọ gbólóhùn kan lé mi lórí níbí. Wá parí ẹ̀. Màmá yẹn á ṣe àpótí, o máa kọ orúkọ ẹ̀ sábẹ́ ẹ̀, o máa gbà á síṣẹ́ bó ṣe yẹ. Èmi á jókòó sí yàrá àwọn akọ̀ròyìn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, òfìfo lọ́la, òfìfo lọ́túnla."

Tẹlifóònù tó wà lórí tábìlì tún dún. Olóòtú wò ó, kò gbé e. "Ẹ ti tó ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì, Àǹtí. Àwọn ọmọ tó wà nínú yàrá yẹn, ẹsẹ̀ wọn yá."

"Mo mọ bàtà wọn," ni Àǹtí Lẹ́tà wí.

Olóòtú gbà. Kò fi ẹ̀rín gbà á, kò sì bá a fi ẹ̀rín sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ ku ti géètì. Ilé iṣẹ́ máa ní láti máa gbé ìwé wá kí ìyá yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, wọn ò sì lè máa fi garawa ṣe é. Ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àǹtí Lẹ́tà dúró de ọmọ ìyá náà nísàlẹ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta gíláàsì, pílásítà sì wà ní ìka rẹ̀ méjì. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ojú rẹ̀ sì korò.

"Ẹ̀yin ò bá wọn nílẹ̀, Àǹtí. Èmi ni mo bá wọn. Wọ́n ti bọ́ aṣọ orí wọn, wọ́n fi ṣe ìrọ̀rí. Wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú."

Télọ̀ ló dá a lóhùn, láti ẹ̀yìn maṣíìnì rẹ̀: "Bùọ̀dá, èmi ò kúrò níbí láti aago mẹ́jọ títí di ìrọ̀lẹ́ mọ́. Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ kan. Tí wọ́n bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, èmi á di wọ́n lápá mú."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọkùnrin náà fi rò ó kó tó gbé kọ́kọ́rọ́ kejì wá. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí géètì sílẹ̀ lọ́sàn-án, ìyá kò jáde. Ó gbé àga rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó, ó ń wo àtẹ̀gùn. Nígbà tí afẹ́fẹ́ fẹ́ ti géètì náà padà, ó kígbe pé kí ẹnì kan tètè fi nǹkan dá a dúró. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó di apá télọ̀ mú, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mẹ́ta, ó dúró. "Ó tó fún òní," ni ó wí, ó sì padà. Ibẹ̀ ló mọ títí di báyìí. Inú rẹ̀ dùn sí orúkọ rẹ̀ tó ń jáde nínú ìwé ìròyìn, àmọ́ ó jẹ́wọ́ fún Àǹtí Lẹ́tà pé òun ti ń tú orúkọ oògùn òun palẹ̀ kí òun tó gbé e mì.

Àǹtí Lẹ́tà wà ní yàrá àwọn akọ̀ròyìn. Tábìlì tó kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń da ìwé kọ ni wọ́n fún un, fèrèsé sì wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ilé mìíràn ló kọjú sí. Ìròyìn rẹ̀ àkọ́kọ́ kò ju ìlà mẹ́rin lọ, nípa páìpù omi tó bẹ́ lójú títì kan. Ọkọ rẹ̀ gé e, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Ìpàdé àwọn onílé àti onímọ́tò ni wọ́n sábà máa ń rán an lọ, àwọn ibi tí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá kì í fẹ́ lọ. Ó ń bi èèyàn ní ìbéèrè, ó ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ.

Nígbà míì ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ á ti sọ gbólóhùn méjì tí kò gbọ́, torí pátákó kan wà lẹ́yìn orí onítọ̀hún. Á bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún un sọ. Ó ti mọ ohun tó ń ṣe sí i báyìí: ó máa ń tètè dé ibi ìpàdé ṣáájú gbogbo èèyàn, á rìn yí gbọ̀ngàn náà ká, á sì wá ìjókòó tó kọjú sí ògiri tí wọn ò kọ nǹkan kan sí.